Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń bọ̀

Ní oṣù kẹwàá yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa ń yọ́ wọlé, nítorí ẹni tó bá tètè rí i ló máa ń tètè múra.

Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá láti gúúsù, òun ló ń gbé òjò wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá, ó gbẹ, ó sì ń kó eruku dání. Òun là ń pè ní ọyẹ́. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án tí oòrùn bá ti ń fì sí gúúsù, ti òkun á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ti aṣálẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e.

Àmì kìíní ni òjò fúnra rẹ̀. Kì í fi gbogbo ọjọ́ rọ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé pẹ̀lú ààrá àti ìjì, kò ní pẹ́ tí á fi dá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta tàn yín jẹ. Bí ẹ bá sá kòkó, ẹ fi tapólì sí ìtòsí. Kòkó tí òjò pa, tí kò sì gbẹ dénú, bíbu ni yóò bu nínú àpò.

Àmì kejì ni ojú òkè. Kùrukùru òwúrọ̀ máa ń ká bí oòrùn bá ti mú. Àmọ́ bí aago mẹ́wàá bá lù, tí àwọn òkè ọ̀nà Ìkógòsí àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò tíì hàn dáadáa, tí ètè sì ń gbẹ, eruku aṣálẹ̀ nìyẹn.

Àmì kẹta ni lékèélékèé. Ìhà àríwá ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà nígbà òjò, wọ́n á sì padà wá bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ rí wọn, tí wọ́n á máa na èékánná sókè láti tọrọ funfun. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn, ẹ pọ́n àdá yín.

Àmì kẹrin ni ewé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ àwọn náà lásìkò yìí. Òtútù àti ọjọ́ tó ń kúrú ló fà á níbẹ̀. Níbí, àìsí omi ni. Àràbà àti ìrókò á wọ́ ewé, kòkó náà á sì wọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ewé gbígbẹ yìí gan-an ni iná ń wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà o. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná igbó run oko kòkó lọ rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ Gánà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n oko kòkó tó jó kò ní ẹwà kankan. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kòkó tí a bá tún gbìn yóò tó so. Bẹ́ẹ̀ orí kòkó yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbé owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lé.

Nítorí náà, kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ jẹ́ kí á ro etí oko wa yíká, kí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà, kí á sì gbá ewé ibẹ̀ kúrò. Kí oníkálukú bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́, nítorí iná kò mọ ààlà. Kí á kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi iná lé ọ̀yà àti àwọn tó ń fi iná kó oyin. Ẹni tí kò bá lágbára láti dá a ṣe, kí ó sọ ọ́ ní ìpàdé, a ó fi ọ̀wẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ọyẹ́ á wọlé ire, kò ní bá wa lójijì o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.