Edmund Barton: Adájọ́ Láàárín Ariwo

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí ni mo fi ń wọn ìgbésí ayé Edmund Barton, ọmọ bíbí ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí a bí ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1849, agbẹjọ́rò tí ó di olóṣèlú, olóṣèlú tí ó di adájọ́, tí ìfẹ́ ẹja pípa àti eré kíríkẹ́ẹ̀tì kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àní, ìrìn-àjò eré yìí ni ó gbé e dé Newcastle, níbi tí ó ti pàdé aya rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé ọdún 1879, àwọn òṣèré tí Lord Harris kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn ọmọ New South Wales figagbága ní Sydney, Barton àti George Coulthard sì ni onídàájọ́ pápá. Coulthard, ará Victoria tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá, dá a pé Billy Murdoch, àràbà tí àwọn onílé gbẹ́kẹ̀ lé, ti jáde nínú eré. Kíá ni èrò ya wọ pápá bí omíyalé, tí ẹnìkan sì fi igi lu Lord Harris fúnra rẹ̀. Ọmọ onílé ni Barton, ṣùgbọ́n kò bá èrò hó. A-dúró-gbọn-in-nínú-ìjì náà ní ìdájọ́ Coulthard tọ́. Òkìkí rẹ̀ kàn, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New South Wales. Ní 1883, ó di olórí ilé náà.

Nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń rọ àwọn ènìyàn pé kí ilẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ọsirélíà, tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, di orílẹ̀-èdè kan. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1901, ó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1903, ó fi ipò náà sílẹ̀, ó di ọ̀kan nínú adájọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, níbi tí ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1920.

Ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ kan náà ni ó ṣòfin ní 1901 pé kí òṣìṣẹ́ ibodè lè pe 50 ọ̀rọ̀ ní èdè Yúróòpù kan fún àlejò láti kọ sílẹ̀, kí a lè fi èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà. Ẹni tí kò gbà kí a rẹ́ àlejò jẹ lórí pápá, kò gbọ́ tẹnu àlejò lẹ́nu ibodè. Akọni ni Barton. Ní ti òfin yìí, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́.