Wàrà Àgùntàn Lójú Títì: Kí Ló Bí Àwọn Darandaran Sardinia Nínú?

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, títì ọlọ́dà ní erékùṣù Sardinia, nílẹ̀ Ítálì, funfun báláú. Wàrà ni. Àwọn darandaran ń gbé wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára àgùntàn wá sójú ọ̀nà, wọ́n sì ń dà á sílẹ̀ yàà. Kódà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Cagliari, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní erékùṣù náà, bá wọn dà nínú rẹ̀.

Nǹkan bíi sẹ́ǹtì 60 owó Yúrò ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe wàràkàsì ń ra lítà kan lọ́wọ́ wọn. Àwọn darandaran ní iye yẹn ò tó owó tí wọ́n ń ná lórí ẹran, àfi kó di Yúrò 1.

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń fún wàrà àgùntàn? Àgbò Iléyá la mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Sardinia, àgùntàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò sì tó mílíọ̀nù 2. Wàrà gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ń sìn ín. Ó ki dáadáa: nǹkan bíi lítà 5 sí 6 ti tó fi ṣe kílò wàràkàsì kan, ti màlúù máa ń gbà tó lítà 10.

Pecorino Romano ló pọ̀ jù nínú wàràkàsì wọn. Orúkọ Róòmù ló ń jẹ́, àmọ́ Sardinia ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ó níyọ̀ gan-an. Wọ́n máa ń rin ín sórí sìpàgẹ́tì. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó púpọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà, bí ọjà bá dákẹ́ níbẹ̀, darandaran tí kò dé Amẹ́ríkà rí ló máa gbọ́ ọ lára.

Àgùntàn kì í sì í gbọ́ pé ọjà kú. Ní àgbègbè Òkun Mẹditaréníà, ìgbà òtútù lòjò ń rọ̀, ìgbà ooru ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láàárín ìgbà tí koríko fi tutù yẹn, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún wàrà, kíá ló sì gbọ́dọ̀ wọ tánkà kó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ṣe wàràkàsì lè tò ó sórí pẹpẹ fún oṣù 5 tàbí 8. Ẹni tó lè dúró ló ń dá iye.

Ká má sì di gbogbo ẹ̀bi ru oníléeṣẹ́: púpọ̀ nínú iléeṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn darandaran fúnra wọn. Nígbà tí Pecorino ń tà wàràwàrà, gbogbo wọn ló ń ṣe é, àfi ìgbà tó kún ọjà tí owó ẹ̀ já wálẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 náà, àwọn darandaran àti oníléeṣẹ́ fẹnu kò sí díẹ̀ lé ní sẹ́ǹtì 70 fún lítà kan. Kò pé ọdún 5 tí wàrà fi kọjá Yúrò 1 tí wọ́n ń jà fún. Owó Pecorino tó gbéra ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ogun Ukraine ti gbé owó ọkà tí àgùntàn ń jẹ lọ sókè pẹ̀lú.