Funfun Kọ́ La Wá Rà

Táńkì kẹta ní apá òsì ṣọ́ọ̀bù tí a ti lọ ra anẹ́mónì òkun ni mo ti rí ọ̀kan. Ó funfun báláú, ọwọ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo eléyìí, ó mà rẹwà o!" Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń sin ẹja òkun nínú ilé wọn ní Manchester, wọn ò tilẹ̀ dúró wò ó. "Ebi ló ń pa ìyẹn, àbúrò."

Anẹ́mónì jọ òdòdó, ṣùgbọ́n ẹran ni. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní: ibẹ̀ ló ń gbà jẹun, ibẹ̀ náà ló ń gbà yàgbẹ́. Irú tí a wá rà, Entacmaea quadricolor, tí ẹja clownfish máa ń sá pamọ́ sí, ń gba àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín lálejò nínú ẹran ara rẹ̀. Àwọn àlejò yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, wọ́n sì ń bù fún onílé. Àwọn ló ni àwọ̀ ilẹ̀ tí à ń rí lára anẹ́mónì tí ara rẹ̀ dá. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, wọ́n lè kó jáde. Ara onílé á funfun, á sì máa rù. Ó dùn mí pé ohun tí mo pè ní ẹwà, àìsàn ni.

Èkejì wà nínú pàlàpálá òkúta, àwọ̀ ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ pẹ́ jù lọ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pa dé dáa. Èyí tó là sílẹ̀ gbàgàdà, tí ohun inú rẹ̀ ń yọ síta, ibẹ̀ ni kí a fi í sí. Wọ́n ní kí òǹtajà fún un ní edé díẹ̀. Kí edé tó balẹ̀, ọwọ́ mẹ́ta ti dì í mú, wọ́n ń fà á lọ sẹ́nu.

Ó wá kan ìdí rẹ̀, tó fi ń di òkúta mú. Òǹtajà fẹ́ fà á tu. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Èékánná ló fi ń ṣí etí ìdí náà díẹ̀díẹ̀, ó gbà á tó ogún ìṣẹ́jú. Bí ìdí bá ya, egbò ibẹ̀ lè jẹrà, kó sì pa á. Nígbà tó wọ inú ọ̀rá, a gbé e sókè sí iná, a wo abẹ́ rẹ̀: kò sí ojú egbò kankan.

Nílé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni omi táńkì ń gbà kán sínú ike rẹ̀ fún wákàtí kan ó lé, kí iyọ̀ àti ooru má baà yí padà mọ́ ọn lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi fóòmù bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi, torí anẹ́mónì ń rìn, ẹ̀rọ sì lè fà á ya.

Kò pé wákàtí méjì tó fi súnkì bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, ohun dúdú bí okùn ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fara balẹ̀: omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń dà nù, á tún fẹ̀. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kí ẹran ara máa yọ́, kó máa rùn. Nígbà náà, kíá ni kí a yọ ọ́, kí ìjẹrà rẹ̀ má baà pa àwọn ẹja.

Anẹ́mónì lè pẹ́ láyé gan-an. Lọ́dún 1828, John Dalyell mú ọ̀kan létí òkun North Berwick ní Scotland, ó ń sìn ín nínú ìgò. Dalyell kú lọ́dún 1851. Anẹ́mónì náà wà láyé di 1887. Mo rò ó lóru náà pé ogún ìṣẹ́jú tí a fi yọ tiwa lára òkúta kò pọ̀ jù rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kúrò níbi tí a gbé e sí, ó ti gun òkúta lọ sábẹ́ iná, ìdí rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìka bọ omi, wọ́n fi kan ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ wọn níka.