Ẹ̀kọ́ àkànṣe nípa ìlera ìbímọ àti ìbálòpọ̀ ọkùnrin

Àwọn kókó pàtàkì

• Lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà ni àìrọ́mọbí máa ń bá fínra nígbà kan láyé rẹ̀.
• Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ara ọkùnrin wà lára ibi tí ìṣòro ti wá, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ohun mìíràn lára obìnrin.
• Andrology ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó ń rí sí ìlera ìbímọ àti ìbálòpọ̀ ọkùnrin. Ní Nàìjíríà, abẹ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ni a ti sábà máa ń kọ́ ọ.
• Abẹ́rẹ́ testosterone kì í ṣe oògùn àìrọ́mọbí. Ó máa ń dín sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kù ni.
• Kórópọ̀n tó ń dunni gidigidi lójijì, àti nǹkan ọmọkùnrin tó le fún ohun tó ju wákàtí 4 lọ, ọ̀ràn pàjáwìrì ni méjèèjì.

Àkópọ̀

Nígbà tí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé, ìyàwó ni gbogbo ojú sábà máa ń wò. Òun ni wọ́n ń mú kiri ilé ìwòsàn, òun náà ni ẹbí ọkọ ń bi léèrè. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò tó nira tó sì gbówó lórí kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ọkọ wọn mú àtọ̀ wá fún àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò àtọ̀ kò la abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ lọ rárá.

Ìtìjú ọkùnrin nìkan kọ́ ló fa èyí. Òṣìṣẹ́ ìlera tí a kò kọ́ bí a ti ń bi ọkùnrin léèrè ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kò ní béèrè. Dókítà tí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí èsì àyẹ̀wò àtọ̀ kì í tètè ní kí wọ́n ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkànṣe nípa ìlera ọkùnrin kan obìnrin àti ìdílé lápapọ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ní nínú

Ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ nínú andrology gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di dókítà pípé, kó sì gba ẹ̀kọ́ àkànṣe kan, bí iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ tàbí ìtọ́jú àìsàn họ́mọ̀nù. Lára ohun tí yóò wá kọ́ ni:

• bí ọpọlọ ti ń fi họ́mọ̀nù ránṣẹ́ sí kórópọ̀n, àti bí kórópọ̀n ti ń dáhùn;
• bí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ti ń dàgbà. Ó ń gba nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀. Ibà líle tó ṣe ọkùnrin lónìí lè hàn nínú àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, nítorí náà a kì í fi èsì kan ṣoṣo tí kò dára dájọ́;
• fífi ọwọ́ yẹ ẹpọ̀n wò, láti mọ bí kórópọ̀n ti tóbi tó àti bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ wú nínú ẹpọ̀n. Nǹkan bí ọkùnrin 15 nínú 100 ló ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Kì í dí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti bímọ, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn tí ń wá ọmọ;
• bí a ti ń mọ ìdí tí kò fi sí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ rárá nínú omi tí ọkùnrin dà. Ó lè jẹ́ pé kórópọ̀n ń ṣe é ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà jáde dí. Ó sì lè jẹ́ pé kórópọ̀n kò ṣe é tó. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì yàtọ̀ pátápátá;
• iṣẹ́ abẹ tí a ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣe, títí kan yíyọ sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ jáde tààrà láti inú kórópọ̀n;
• ìtọ́jú ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò le, tí àtọ̀ rẹ̀ ń tètè dà, tàbí tí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ ti dínkù;
• bí a ti ń bá ọkùnrin àti aya rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a má sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a ti ń kọ́ ọ

Ìlànà ẹ̀kọ́ yìí kò dọ́gba láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní Jámánì, ẹ̀kọ́ àfikún ni fún oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀, dókítà awọ ara, àti dókítà họ́mọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ máa ń fi ọdún kan tàbí méjì kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. European Academy of Andrology, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ń fọwọ́ sí àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ ó sì ń ṣe ìdánwò fún àwọn dókítà. Nílẹ̀ Áfíríkà, Yunifásítì Cairo ní Íjíbítì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní andrology.

Ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún kan níbi iṣẹ́ ìfidánrawò ní ilé ìwòsàn, àti ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ lábẹ́ National Postgraduate Medical College of Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tàbí lábẹ́ West African College of Surgeons, tó wà fún gbogbo agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Andrology jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ yìí. Dókítà tó bá fẹ́ jinlẹ̀ sí i ní láti wá àfikún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìgbà tó bá ti parí rẹ̀.

Dókítà nìkan kò tó. Bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ kò bá mọṣẹ́, òfo ni ìmọ̀ dókítà. Láti 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí àyẹ̀wò yìí. Ẹ̀dà kẹfà jáde ní 2021. Ìwé náà ní kí ọkùnrin yẹra fún dída àtọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú àyẹ̀wò, kó kó gbogbo àtọ̀ náà sínú ike láìda ìkankan nù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan. Mílíọ̀nù 16 sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà kan ni ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí ìwé náà fi ṣe atọ́nà. Kì í ṣe ààlà láàárín akúra àti ẹni tó lè bímọ: àwọn ọkùnrin kan tí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀ ń bímọ.

Ibi tí àìmọ̀ ti ń ṣe ìpalára

Testosterone. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí họ́mọ̀nù ọkùnrin bá pọ̀ sí i, àtọ̀ náà yóò pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ yóò gbà pé èyí tó wà lára ti tó, kò sì ní ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́. Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ lè tán pátápátá. Bí a bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, ó sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Àìle nǹkan ọmọkùnrin. Ó lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsàn ọkàn tí kò tíì fara hàn. Ọkùnrin tó bá ra oògùn tàbí àgbo agbára lójú títì, tí ara sì yá, lè má mọ̀ pé ìkìlọ̀ lòun pa mọ́. Ẹni tó ń lo oògùn náítréètì fún àyà dídùn kò gbọdọ̀ lo sildenafil rárá: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi ikú.

Kórópọ̀n tó lọ́. Bí okùn tó gbé kórópọ̀n ró bá lọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ló wọ́pọ̀ jù lára wọn. Ó lè máa bì, tàbí kó pe é ní inú rírun nítorí ìtìjú. Iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 6 ló ń fúnni ní ìrètí tó dára jù lọ láti gba kórópọ̀n náà là.

Nǹkan ọmọkùnrin tó le tí kò dẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín ọmọdékùnrin àti ọkùnrin tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. Bí ó bá ju wákàtí 4 lọ, ẹran ara tó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kó má sì le mọ́ láéláé. Ó yẹ kí gbogbo ìdílé tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ èyí kó tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe

• Bí tọkọtaya bá ti wá oyún fún oṣù 12 láìrí i, ẹ pe àwọn méjèèjì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò wọn pọ̀. Bí ọjọ́ orí obìnrin bá ti lé ní 35, ẹ má dúró ju oṣù 6 lọ.
• Ẹ fi ìbéèrè náà ṣe ohun tí a ń bi gbogbo ènìyàn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo àwọn tí à ń tọ́jú fún ẹ̀jẹ̀ ríru la máa ń bi: ṣé nǹkan ọmọkùnrin yín ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ?”
• Ẹ béèrè nípa ṣegede tó ṣe é nígbà tó ti bàlágà, àtọ̀sí, iṣẹ́ abẹ ìpá, kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ ní kékeré, sìgá, àti gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò.
• Ẹ má fún ẹni tó ń wá ọmọ ní testosterone.
• Ẹ má fi oògùn ìrora nìkan rán ọ̀dọ́kùnrin tí ẹpọ̀n ń dùn padà sílé. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí iṣẹ́ abẹ wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tí aláìsàn lè ṣe

• Ẹ bá aya yín lọ sí ilé ìwòsàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.
• Ẹ béèrè bóyá dókítà náà ti kọ́ nípa ìlera ìbímọ ọkùnrin, tàbí kó júwe ẹni tó ti kọ́ ọ fún yín.
• Ẹ sọ gbogbo oògùn, abẹ́rẹ́ àti àgbo tí ẹ ń lò, títí kan èyí tí ẹ rà ní ibi ìdárayá.
• Bí èsì kan kò bá dára, ẹ ṣe òmíràn kí ẹ tó gba ìtọ́jú kankan.

Ohun tó kù fún àwọn aláṣẹ

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè fi àyẹ̀wò ọkùnrin tí ń wá ọmọ sínú ohun tí gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì ń kọ́, kó má jẹ́ ti àwọn onímọ̀ àkànṣe nìkan. Àwọn ìjọba lè ṣètò pé kí àyẹ̀wò àtọ̀ tó péye wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní iye tí àwọn ará ìlú lè san. Onímọ̀ àkànṣe kan lè tọ́jú aláìsàn díẹ̀ lóòjọ́. Bí ó bá kọ́ àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n béèrè àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé aláìsàn wá, ìmọ̀ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.