Ta Ló Gba Ọjà Ẹ̀rọ Orin Alágbèéká?

Ní 1979 ni Sony gbé Walkman jáde, kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù sì di ohun tí à ń gbọ́ lójú ọ̀nà. Apple mú iPod dé ní 2001. Nínú ọdún ìṣòwò 2008 nìkan, wọ́n tà ju mílíọ̀nù 54 lọ. Kì í ṣe ọjà kékeré! Ṣùgbọ́n Apple kan náà ló ti gbé iPhone jáde ní 2007, orin sì wà nínú rẹ̀. Òun ló gba ọjà iPod, títí wọ́n fi dá a dúró ní 2022. Owó náà kò kúrò nílé wọn.

Àwa tí a kó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo jọ fún ìwàásù ńkọ́? Páálí mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò béèrè wọn.