Ìṣirò Bẹ̀rẹ̀ Nídìí Àtẹ

Ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù Wásinmi, ọmọ tí a fi sídìí àtẹ tí kò mọ ṣéńjì, èrè wa ló ń fọ́n dànù. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún tíṣà nìkan.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ni. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Ẹ ní kó to ọsàn 50 ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó mú 5 kúrò (kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o!). Èyí tó kù ni márùndínláàádọ́ta. Èdè wa ti bá a yọ ọ́ tán. Abájọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ní 1970.

Bó bá ṣì í kà, ẹ má nà án. Ẹ tú ọsàn ká, kó tún un tò.