Ṣé O Mọ̀ Pé Ẹṣin Tó Ti Mọṣẹ́ Lè Bọ́ Irin Lẹ́nu?

Ṣé o mọ̀ pé àlàfo kan wà lẹ́nu ẹṣin, láàárín eyín iwájú tó fi ń já koríko àti eyín ẹ̀yìn tó fi ń lọ̀ ọ́? Akọ ẹṣin lè ní eyín ṣóńṣó kan níbẹ̀, àmọ́ ìyókù rẹ̀ erìgì lásán ni. Àlàfo yìí ni irin ìjánu ń gbà kọjá. Bí ara ẹṣin bá balẹ̀, tó gbà kí o fi ìka kan ibẹ̀, wàá rí i pé erìgì náà fẹ́lẹ́, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó mú bí etí àwo. Orí egungun yìí ni ọ̀pọ̀ agbára okùn ìjánu ń bọ́ sí nígbà tí a bá fà á. Robert Cook, oníṣègùn ẹranko tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, yẹ egungun párì àwọn ẹṣin tó ti kú wò, ó sì rí i pé egungun mìíràn ti hù ṣóńṣó sórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, níbi tí irin ti ń kàn wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ẹṣin máa ń gbá irin mú kó má bàa dun òun? Ní nǹkan bí ọdún 1984, olùwádìí Hilary Clayton fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹṣin tó ní irin. Ó rí i tí ẹṣin ń fi ahọ́n gbé irin náà sẹ́yìn, tó sì ń fi eyín ẹ̀yìn gé e mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lórí gàárì á máa pariwo pé olóríkunkun ni ẹṣin òun. Eyín tó ń gé irin a máa gbó, àmì gbígbó yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn sì ń wá kiri. Láti mọ̀ bóyá ohun tí kì í ṣe irin pàápàá lè fi àmì sílẹ̀, awalẹ̀pìtàn David Anthony àti Dorcas Brown fi okùn, awọ àti egungun ṣe ìjánu, wọ́n ní kí wọ́n gun ẹṣin fún wákàtí 150 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi àmì sílẹ̀ lóòótọ́. Nítorí irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn títí dòní lórí eyín ẹṣin tí wọ́n hú jáde ní Botai ní Kazakhstan, èyí tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún 5 ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ti gun ẹṣin jagun láìfi ohunkóhun sí i lẹ́nu? Àwọn ará Numídíà ni, ní apá ibi tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí. Nígbà tí ọ̀gágun Hannibal ṣẹ́gun Róòmù ní Cannae, ọdún 216 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn agẹṣin Numídíà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ya àwọn òǹkọ̀wé ayé ìgbà náà pé wọn kì í lo ìjánu: okùn lọ́rùn ẹṣin àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó tán. Ère irú agẹṣin bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ọ̀wọ̀n òkúta olú-ọba Trajan nílùú Róòmù, tí wọ́n parí lọ́dún 113 lẹ́yìn ìbí Jésù.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin ti Kalifọ́níà àtijọ́, àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Ẹṣin ọ̀dọ́ wọn kì í rí irin rárá níbẹ̀rẹ̀. Awọ màlúù tí wọ́n hun ni wọ́n ń fi yí i nímú, irun ẹṣin tí wọ́n lọ́ ni okùn rẹ̀. Bó bá ti mọ èyí dáadáa, wọ́n á wá fi irin kún un, okùn á di oríṣi méjì lọ́wọ́ agẹṣin fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irin nìkan ń tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ irin kúrò lẹ́nu ẹṣin tó ti mọṣẹ́, ọ̀nà yìí kan náà ni kó gbà padà sẹ́yìn.

Báwo ni? Oníṣègùn ẹranko ni kó kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, nítorí ẹṣin tí eyín ń dùn á máa ju orí bó o bá bọ́ irin tàbí o kò bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, má tíì gùn ún. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ ìjánu tuntun tí kò nírin fún un, fa okùn díẹ̀ sí apá kan, kí o sì dúró. Ó lè kọ́kọ́ ta kú. Má fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kété tó bá yí imú sí ọ, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀ báyìí, dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Ìdẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìfà. Agẹṣin tó bá pẹ́ kó tó dẹ̀ ẹ́ ti kọ́ ẹṣin rẹ̀ pé dídáhùn kò lérè.

Lẹ́yìn èyí, wọ ìjánu irin àti ìjánu tuntun náà fún un pa pọ̀, kí o gùn ún nínú ọgbà tó ní odi. Ẹṣin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìtumọ̀ ìdí rẹ lórí gàárì, itan rẹ àti ohùn rẹ. Ọ̀pọ̀ agẹṣin ni kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ kó dúró, jókòó wúwo, mí sílẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀, fa okùn imú, kí okùn irin wá ṣe ìkẹyìn. Láìpẹ́ okùn irin á máa rọ̀ lásán. Ọjọ́ tí o kò bá fọwọ́ kàn án mọ́, tó ń rìn, tó ń sáré, tó ń dúró, ó ti tó láti bọ́ ọ. Àmọ́ ẹṣin ọdún Ojúde Ọba, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín ìlù àti ìbọn. Inú ọgbà tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ẹṣin kan dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Lọ́dún 2009, Cook àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Daniel Mills gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹṣin 4 tí kò bọ́ irin rí. Wọ́n gùn wọ́n pẹ̀lú irin fún ìṣẹ́jú 4, wọ́n tún gùn wọ́n láìsí i fún ìṣẹ́jú 4, adájọ́ sì fún wọn ní máàkì. Láti nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún, máàkì wọn gòkè dé 64. Ẹṣin 4 kéré, Cook ló sì ṣe irú ìjánu tí wọ́n lò, torí náà n kò ní fi ṣe òfin. Síbẹ̀ ó mú mi lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó kọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé gbogbo ìjánu tí kò nírin ló rọ ẹṣin lọ́rùn. Àwọn kan ní irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń sọ ìfà kékeré di ńlá. Lọ́wọ́ ẹni líle, ó lè fún imú àti àgbọ̀n pa pọ̀ kọjá ààlà. Ibi tí okùn imú jókòó sí tún ṣe pàtàkì. Fi àtàǹpàkò tẹ imú láti òkè wá sísàlẹ̀: egungun líle ni yóò kọ́kọ́ kàn ọ́, yóò sì dé ibi tó ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Ìdí egungun ibẹ̀ tínrín, ihò imú nìkan ni ẹṣin sì ń gbà mí, kò lè gba ẹnu mí bíi tiwa. Okùn kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ láé.

Àwọn kan tiẹ̀ kọjá bíbọ́ irin: lọ́dún 2006, ní Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, agẹṣin Stacy Westfall gun abo ẹṣin dúdú rẹ̀, Roxy, wọ inú ìdíje láìní gàárì, láìní ìjánu. Ẹṣin náà ń yí po lójú kan, ó ń sáré àsápajúdé, ó sì ń yọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí tó fi dúró. Ẹṣin tó ti mọ irin dáadáa ni Roxy. Nínú ìdíje àgbáyé lónìí, àwọn tó ń fo ìdènà lè lo ìjánu tí kò nírin. Àwọn tó ń ṣe ìdíje ìrìn ẹṣin tí wọ́n ń pè ní dressage ni òfin àgbáyé ṣì sọ pé irin gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹṣin wọn.